Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń bá májèlé òjé jà

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún alága, akọ̀wé, akápò, àti ẹnikẹ́ni tí àdúgbò bá tì síwájú pé kó lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń tú èéfín lé wọn lórí sọ̀rọ̀. Òjé la mú ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ní Ògijo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù wà láàrin ilé àti ilé-ẹ̀kọ́, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025: nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ibi tó lè ṣe wọ́n léṣe.

Àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì pe oníròyìn, ẹ má tíì kọ lẹ́tà. Ẹ ra ìwé onílà kan, kí ẹ máa lọ láti ilé dé ilé, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, torí ìyá ọmọ ló sábà máa ń mọ ọjọ́ tí inú rírun bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ ni iye ènìyàn inú ilé àti ọjọ́ orí wọn, ọdún tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kànga tí wọ́n ń mu, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà àti bóyá ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ wálé, aago tí èéfín máa ń jáde, àti ìhà tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó béèrè àìsàn: “Kí ló ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí láti ọdún méjì sẹ́yìn?” Ẹni tó bá béèrè pé “Ṣé òjé ló ń ṣe ọmọ yín?” ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, ìbéèrè yẹn nìkan sì tó fún lọ́yà ilé-iṣẹ́ láti fi ya gbogbo ìwé yín dànù.

Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Orúkọ àwọn onílé wà nínú ìwé kejì, lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan.

Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ ní agbára kankan níwájú ìjọba?

Ó ní, bí ẹ kò bá dá a gbé. Ní Love Canal, ní ìlú Niagara Falls lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ri nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró mọ́ inú odò àgbẹ́ àtijọ́ kan láàrin 1942 sí 1953, ó sì ta ilẹ̀ náà fún àjọ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ní dọ́là kan péré. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀, ilé sì yí i ká. Lọ́dún 1978, Lois Gibbs, ìyàwó ilé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri. Nígbà tí wọ́n fi àmì sí ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán àdúgbò, àwọn àmì náà tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀: ojú ibi tí omi ń ṣàn gbà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ dí i, ni àwọn ilé yẹn wà. Beverly Paigen, onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ, bá wọn to àkọsílẹ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣirò àwọn ìyàwó ilé ni. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1978, ìpínlẹ̀ New York ní kí àwọn aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kúrò níbi tó sún mọ́ ibi ìdọ̀tí náà jù, nígbà tó sì di 1980, ìjọba gbà láti ra ilé lọ́wọ́ gbogbo ẹbí tó bá fẹ́ kó kúrò.

Ẹ wo ọwọ́ mẹ́ta tó kọ ìwé yẹn: àwọn ìyá tó béèrè, àwọn àgbà tó mọ ilẹ̀, onímọ̀ kan tó mọ ìṣirò. Bí ọ̀kan bá yọ nínú wọn, ìwé náà kì bá ti dúró.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òjé ni, kì í ṣe ibà tàbí aràn?

Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́, orí fífọ́, rírẹ̀, ojú fífunfun: gbogbo rẹ̀ ni àìsàn mìíràn ń fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òjé ń jẹ ọpọlọ wọn ni kò ní àmì kankan, àfi pé ẹ̀kọ́ kò wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ òótọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 3.5 µg/dL (máíkírógíráàmù òjé nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, òun la fi ń ka gbogbo nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ inú ìwé yìí) ti ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní láti 5 lọ sókè, kí wọ́n wá orísun òjé náà kí wọ́n sì mú un kúrò. Tó bá dé 45 lára ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn àti oògùn tó ń fa òjé jáde. Kò sí iye kankan tí a lè pè ní “kò ṣe nǹkan kan”. Ọmọdé ń fa òjé tó gbé mì sínú ara ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, aboyún sì ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ inú rẹ̀.

Kí ló máa ń ba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́?

Ọwọ́ ìdọ̀tí ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka ẹ̀jẹ̀ orí ìka láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì wúlò púpọ̀ ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí eruku òjé bá wà lára ìka ọmọ, eruku yẹn ni ẹ̀rọ máa kà. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ ọmọ, kì í ṣe omi inú abọ́ tí ọmọ mẹ́wàá ti fọwọ́ sí. Kí wọ́n fi tíṣù mímọ́ nù ún gbẹ, kí wọ́n fi spirit pa á, kí wọ́n gún un, kí wọ́n nu ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dànù kí wọ́n tó gba èyí tó tẹ̀lé e. Má ṣe é nínú ọgbà tí èéfín ń bà lé. Èyí tó bá ga, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ inú iṣan apá kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ síwájú adájọ́. Ẹ̀rọ náà kì í kà kọjá 65: bí ó bá kọ “High”, ilé ìwòsàn lónìí ni, kì í ṣe ọ̀la.

Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ṣáájú, òbí náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ èsì, ní kọ̀rọ̀. Aṣáájú tó ka nọ́ńbà ọmọ ọlọ́mọ jáde ní ìpàdé, kódà láti fi ru ìbínú sókè, ti pàdánù ilé yẹn.

Ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní kété tí owó bá ti wà?

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ọmọ tí tirẹ̀ bá ju 45 lọ, ibo ló ń lọ, ta ni yóò san án, inú ilé wo ni yóò padà sí? Ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku òkúta góòlù tó kún fún òjé pa ọmọ tó lé ní 400, àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ oníṣègùn aláàánú láti òkèèrè, rí i pé asán ni oògùn bí ọmọ bá kúrò ní ilé ìwòsàn padà sórí ilẹ̀ olóró. Wọ́n ní kí wọ́n fọ ilẹ̀ abúlé ná kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Bagega dúró títí di 2013 kí owó ìfọlẹ̀ tó dé. Ìdúró yẹn burú, ṣùgbọ́n ìlànà náà tọ̀nà.

Báwo la ṣe ń bu erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò?

Orí ilẹ̀ ni òjé ń dúró sí, kì í tètè rì. Nítorí náà, ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ (nǹkan bí 2.5 cm) ni kí ẹ bù. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ ní ojú márùn-ún, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike mímọ́, ẹ pín in sí méjì sínú ọ̀rá tó ń pa ẹnu dé. Ìdajì kan ń lọ sí láàbù, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi òǹtẹ̀ dí i. Ṣíbí ike tàbí ti irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ láti ibì kan dé èkejì. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó bù ú sára ọ̀rá, ẹ fi fóònù ya ibẹ̀ kí GPS rẹ̀ hàn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rá bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé.

Ibi tí ẹ ó ti bù ú ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ: ibi tí ọmọ ti ń ṣeré, abẹ́ ibi tí omi òrùlé ń já sí, etí ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà, àti ní dandan, ibì kan tó jìnnà sí ilé-iṣẹ́ ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá. Láìsí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, wọn á ní bí ilẹ̀ gbogbo ìlú ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo ọ̀rá ti ara ògiri ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ sì kọ ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì, mẹkáníìkì àti ọ̀dà àtijọ́ tó wà nítòsí sílẹ̀ fúnra yín, kí ó má jẹ́ lẹ́nu lọ́yà wọn la ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí èsì bá dé, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ mg/kg (mílígíráàmù òjé nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan) tẹ̀lé nọ́ńbà. Ní Amẹ́ríkà, 400 mg/kg ni wọ́n fi ń díwọ̀n ilẹ̀ àgbàlá ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di 200.

Ènìyàn mélòó ló yẹ kó wà nínú ìgbìmọ̀?

Méje tàbí mẹ́sàn-án. Kì í ṣe àwọn lánlọ́ọ̀dù nìkan: ayálégbé, ìyálọ́jà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àti ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ilé-iṣẹ́ náà. Lánlọ́ọ̀dù máa ń bẹ̀rù pé owó ilẹ̀ òun yóò já wálẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn sì ti pa ẹgbẹ́ púpọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ lọ rí Baálẹ̀ ṣáájú ìpàdé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe alága. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń gbé ẹ̀bùn lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ọdún méjì ni sáà, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ́nì kan lè lò ó. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan wà tó jẹ́ pé alága nìkan ló mọ̀ ọ́n. Phyllis Omido, tó dá CJGEA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àyíká, sílẹ̀ ní Mombasa lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà lẹ́yìn tí òjé wọ ara ọmọ rẹ̀ kékeré, wọ ọwọ́ ọlọ́pàá ní 2012 pẹ̀lú àwọn ará Owino Uhuru, àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ òjé náà wà, kí ilé ẹjọ́ tó dá wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá mú alága yín lọ́la, ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè ṣí àpótí ìwé? Ẹ̀dà gbogbo ìwé yẹ kó wà níbi mẹ́ta: lọ́dọ̀ akọ̀wé, lọ́dọ̀ lọ́yà, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí ẹni méjì mọ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń jẹun nínú ilé-iṣẹ́ náà. Kí la máa sọ fún wọn?

Ibi tí ẹgbẹ́ ti sábà máa ń pín sí méjì nìyí. Òṣìṣẹ́ ni òjé ń kọ́kọ́ pa. Bó bá jẹ́ pé “ẹ tì í pa” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín, ọ̀tá ni yóò fi yín ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó máa gba òun náà là: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fọ́ bátìrì dípò àdá, asẹ́ tó ń gba eruku lẹ́nu ààrò, ibi ìwẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́ tí kì í kúrò nínú ọgbà. Títí wọn yóò fi ṣe é, kí ó bọ́ aṣọ àti bàtà sílẹ̀ níta kó tó gbé ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Ẹ má ní kí òṣìṣẹ́ kankan jí ìwé wá fún yín. Òun ni yóò pàdánù iṣẹ́, ìwé náà lè má wúlò nílé ẹjọ́.

Ṣé ó pọn dandan ká forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Kì í ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù lè fọwọ́ sí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n báńkì àti olówó ìrànwọ́ yóò béèrè. Lábẹ́ òfin CAMA 2020, ó kéré tán ẹ nílò trustees méjì (àwọn tó ń di ohun-ìní ẹgbẹ́ mú lórúkọ rẹ̀) tó ti ju ọmọ ọdún 18 lọ, òfin ẹgbẹ́, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà ní àgbègbè yín, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò mú un wá láàrin ọjọ́ 28. Ẹ má fi tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe trustees.

Ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa. Ṣé ká gbà?

Kí ẹgbẹ́ má gbà á. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín kí ẹ̀bùn tó dé, torí pé bí ìrẹsì bá ti balẹ̀ tán, kò sí ẹni tó máa fẹ́ ka òfin. Ẹ̀bùn máa ń bá ìwé kan rìn, ìwé yẹn sì lè sọ pé ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ ti “yanjú gbogbo aáwọ̀”. Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bùn: bí ìjọba bá pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ pèsè omi, kí omi yẹn wá, kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gba omi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti owó ẹgbẹ́: ẹni mẹ́ta lórí ìwé báńkì, méjì ló ń fọwọ́ sí i. Kí akápò ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí ìpàdé lóṣooṣù, títí kan owó ọkàdà. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ ńlá láti Èkó náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀: ìgbà wo ni èsì ń padà wá, ta ló lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ta la máa kọ lẹ́tà sí, báwo la ó sì ṣe kọ ọ́?

Àjọ àyíká ìpínlẹ̀ (OGEPA ní Ògùn, LASEPA ní Èkó), NESREA, àjọ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, àti ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ojú-ìwé kan tó: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti aago, ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ “received” sórí èyí tí ẹ ń mú padà. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé ẹ kò kọ ọ́ rárá ni. Ẹ lo òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, láti béèrè ìwé EIA (àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe fún àyíká) ilé-iṣẹ́ náà àti àbọ̀ ìbẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje kún un.

Òru ni ọ̀pọ̀ ààrò ń jó, ọ̀sán ni olùbẹ̀wò ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ aago èéfín fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, kí ẹ sì fi ìwé yẹn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ní aago méjì òru.

Ṣé ká lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́?

Àwọn ará Love Canal há òṣìṣẹ́ ìjọba méjì mọ́lé fún wákàtí mélòó kan ní oṣù karùn-ún 1980, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Carter kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹ má dán an wò níbí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwọ́de, ẹ fi lẹ́tà sọ fún ọlọ́pàá ṣáájú, ẹ yan àwọn tó máa ṣọ́ ojú ọ̀nà, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí ohun tí ẹ ń béèrè má ju mẹ́ta lọ. Ẹ má kó ọmọdé lọ sí ibi tí èéfín wà láti fi wọ́n ṣe àwòrán.

Ilé ẹjọ́ ńkọ́?

Láti 2018, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí àyíká lè pe ẹjọ́ láìjẹ́ pé òun gan-an ni epo ta sí lára. Ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ ọ̀nà jìn. Ilé-iṣẹ́ òjé Owino Uhuru tì ní 2014, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ìdájọ́ wá ní oṣù keje 2020: bílíọ̀nù 1.3 ṣílè Kẹ́ńyà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù ní 2023, kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó dá a padà ní oṣù kejìlá 2024. Àwọn àjọ ìjọba tó yẹ kó ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n pè, èyí sì dára, torí ilé-iṣẹ́ lè palẹ̀ mọ́ lóru, ìjọba kò ní ibi tó ń lọ.

Kí àdéhùn pẹ̀lú lọ́yà wà lórí ìwé: ìdá mélòó ni tirẹ̀, ta ni yóò sanwó láàbù. Kí gbogbo ilé sì gbà ṣáájú pé ẹnikẹ́ni kò ní dá lọ gba owó lẹ́yìn àwọn tó kù.

Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ṣé iṣẹ́ ti parí?

Òjé kì í jẹrà. Ìdàrọ́ tí wọ́n dà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Ẹ dá a dúró. Ilẹ̀ tó burú, kí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ lọ tàbí kí wọ́n da erùpẹ̀ mímọ́ lé e lórí. Nínú ilé, ẹ sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n dín ìgbálẹ̀ gbígbẹ kù. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nu ilẹ̀, torí ìgbálẹ̀ a máa gbé eruku sókè sí imú ọmọ. Omi sísè kò yọ òjé. Àgbo kò fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ teegunteegun ń dín èyí tí ara ń fà kù, wọn kì í ṣe oògùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn aṣáájú kì í fẹ́ sọ, torí wọ́n rò pé yóò gbè lẹ́yìn ilé-iṣẹ́: òjé wà nínú tìróò. Ẹ sọ ọ́. Ilé tó ń lé tìróò fún ọmọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbà mélòó ló yẹ ká tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹ̀ wò?

Èyí tó kéré, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èyí tó ju 20 lọ, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan, lọ́dọ̀ dókítà. Bí orísun bá ti kúrò, òjé inú ẹ̀jẹ̀ a máa dín kù láàrin oṣù mélòó kan, àyàfi lára ọmọ tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, torí egungun máa ń dá tirẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan, tàbí tó tún gòkè, nǹkan kan ṣì wà nínú ilé náà tí a kò tíì rí: aṣọ iṣẹ́ bàbá, ìdàrọ́ lábẹ́ àga, ìkòkò tí wọ́n fi irin àlòkù rọ, bátìrì tí ẹ̀gbọ́n ń tú lẹ́yìnkùlé. Ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, ẹ wá nọ́ńbà ilé náà, kí ẹ padà lọ kan ilẹ̀kùn.